IBI TÍ Ó Ń JÒ NI KÍ Á KỌ́KỌ́ WÒ
Ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà nílé

Ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá sójú ewé yìí kì í ṣe ti àrọ̀, kì í sì í ṣe ti àlọ́ tàbí oríkì tí a máa ń jíròrò nínú ẹgbẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè pé, 'Kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì?' Ìdáhùn mi jẹ́ méjì. Èkínní, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ń ti ara ọkọ̀ wá: bàbá ẹlòmíràn ń wa takisí, ìyá ẹlòmíràn ń fi ọkọ̀ kó ọjà lọ sí ọjà oko. Èkejì, bí a kò bá lè fi èdè wa ṣàlàyé ohun tí ó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, orúkọ kan ṣoṣo tí kò yé wa tó láti dẹ́rù bà wá, kí ó sì kó owó lọ lápò wa. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé wa ní Páparándá nìyẹn, òun ni mo sì fẹ́ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ní Páparándá

Ẹni tí ó bá mọ Lọ́kọ́ja mọ̀ pé ìlú oríta ni. Bí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ṣe pàdé níbẹ̀ náà ni ọ̀nà Òkéné, ọ̀nà Kàbà, ọ̀nà Ajàòkúta àti ọ̀nà Àbújá ṣe pàdé. Ọkọ̀ tí ó ń ti ilẹ̀ Yorùbá bọ̀ tí ó ń lọ sí Àbújá, ọ̀dọ̀ wa ni púpọ̀ nínú wọn ń gbà kọjá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gbé Páparándá, láàrin ìlú, kò lè ṣe kí ó má gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnì látàárọ̀ títí di alẹ́.

Ní òpin sáà ẹ̀kọ́ kan, ní ọjọ́ Ẹtì, bàbá ọ̀rẹ́ mi yà sí ilé tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jọ háyà. Ọmọ Òkun ni wọ́n, Toyota Corolla ni wọ́n sì fi ń ná ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja. 'Òkun o!' ni wọ́n fi kí wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n ojú wọn kò dán. Èéfín ń rú díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òórùn ọ́ìlì tí ó ń jóná sì ti gba inú ọkọ̀ kan. Wọ́n ní àwọn èrò kan tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà nítorí ìbẹ̀rù iná.

Mẹkáníìkì kan tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà ti wo ọkọ̀ náà. Ó ní 'tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì' ni ó jó, pé àfi kí wọ́n tú orí ẹ́ńjìnì kúrò, kí wọ́n gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ́ ojú rẹ̀ dọ́gba. Iye tí ó dá lé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n mú bọ̀ fún ọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìparí fún sísan owó náà. Ẹni tí kò bá san án kò ní jókòó ṣe ìdánwò. Bí wọ́n bá tún ọkọ̀ ṣe, ọmọ kò ní ṣe ìdánwò. Bí wọ́n bá san owó ilé-ẹ̀kọ́, ọkọ̀ kò ní ṣiṣẹ́, owó oúnjẹ ilé yóò sì dá dúró. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo ilẹ̀.

Bàbá onílé wa, tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ni wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n jáde, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì wí pé, 'Ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì yìí sùn di òwúrọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí àwọn ọmọ wọ̀nyí fọ̀ ọ́, kí a wo ibi tí ó ti ń jò ná.'

Gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú àpilẹ̀kọ yìí wà nínú gbólóhùn kan yẹn.

Gásíkẹ́ẹ̀tì méjì tí a ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn

Gásíkẹ́ẹ̀tì ni ohun tí a fi sí àárín irin méjì kí ohun tí ó wà nínú wọn má bàa jò síta. Bí ẹ bá ti rí rọ́bà tí ó wà lábẹ́ ìdérí ìkòkò tí ó ń fi agbára èéfín se ẹran, ẹ ti rí gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnì kan ní oríṣiríṣi rẹ̀ lára, ṣùgbọ́n méjì ni ó kàn wá lónìí.

Èkínní ni ti orí ẹ́ńjìnì, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Àárín ara ẹ́ńjìnì àti orí rẹ̀ ni ó wà. Iṣẹ́ rẹ̀ le púpọ̀: òun ni ó ń di iná tí epo bẹntiróòlù ń dá nínú ẹ́ńjìnì mú, òun náà ni ó ń ya omi rédíétọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ́ìlì. Bí ó bá jó, iṣẹ́ ńlá ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìnkùlé fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́.

Èkejì ni gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà ni ìdérí tí ó wà lókè pátápátá, èyí tí a máa ń rí ìdérí ibi tí a ti ń rọ ọ́ìlì sí lára rẹ̀. Abẹ́ ìdérí yìí ni àwọn fáàfù wà, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tí ń ṣí tí ń pa dé láti gba afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, kí wọ́n sì lé èéfín jáde. Ọ́ìlì ni ó ń ta sí wọn lára kí wọ́n má bàa jẹ ara wọn, lẹ́yìn náà yóò sì ṣàn padà sísàlẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì yìí kò bá iná jà, kò sì bá omi jà. Ọ́ìlì tí ń ta àti afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnì nìkan ni ó ń dá dúró. Nítorí náà, owó rẹ̀ kéré sí ti èkínní lọ́nà tí ó jìnnà, ẹni tí ó bá sì fara balẹ̀ lè pààrọ̀ rẹ̀ nílé.

Ẹ wá wò ó: méjèèjì wà lókè, méjèèjì ń jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹnìkan lè wí pé 'ti òkè ni ó jò', kí ẹlòmíràn sì gbọ́ 'tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì'. N kò sọ pé mẹkáníìkì ojú ọ̀nà yẹn fẹ́ rẹ́ bàbá jẹ. Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí tí ó bo ẹ́ńjìnì ni kò jẹ́ kí ó ríran. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ọkọ̀ ni yóò san owó àṣìṣe náà.

Bí a ṣe lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀

Bí ó bá jẹ́ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni ó bàjẹ́, omi rédíétọ̀ sábà máa ń dín kù láìjẹ́ pé ó jò sílẹ̀. Ẹ́ńjìnì lè máa gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Èéfín funfun lè máa jáde nídìí ẹgísọ́ọ̀sì láìdáwọ́ dúró, kódà nígbà tí ẹ́ńjìnì ti gbóná. Ọ́ìlì tí ó bá sì ti pò pọ̀ mọ́ omi á funfun bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí.

Bí ó bá jẹ́ ti tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ọ́ìlì ni ẹ ó rí ní etí ìdérí náà, tí ó ń ṣàn sísàlẹ̀ lára ẹ́ńjìnì. Bí ó bá kán sórí irin ẹgísọ́ọ̀sì tí ó gbóná, yóò rú èéfín, yóò sì rùn. Ọ̀rọ̀ iná tí àwọn èrò ń bẹ̀rù kì í ṣe àsọdùn, nítorí ọ́ìlì tí ó bá pọ̀ lórí irin gbígbóná lè gbiná. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì tí púlọ́ọ̀gì wọn wà nínú ihò tí ó gba àárín ìdérí kọjá, ọ́ìlì lè kún inú ihò náà, kí ẹ́ńjìnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tàbí kí ó máa já iná. Omi rédíétọ̀ kò ní dín kù nítorí èyí, ọ́ìlì kò sì ní funfun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a ṣe bí bàbá onílé ti wí. A fi aṣọ àti kerosíìnì díẹ̀ nu ara ẹ́ńjìnì títí tí àwọ̀ irin fi hàn, a sì jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa. A wo omi rédíétọ̀: ó kún, ó sì mọ́. A fa ọ̀pá gééjì yọ: ọ́ìlì dúdú díẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò funfun. A tan ẹ́ńjìnì sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a sì fi tọ́ọ̀ṣì wò ó yíká. Ní etí ẹ̀yìn tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ọ́ìlì tuntun yọ bí òógùn, ó sì kán sórí ẹgísọ́ọ̀sì. Bàbá ọ̀rẹ́ mi mí kanlẹ̀. Orí ẹ́ńjìnì kò ṣe ohunkóhun.

Ohun tí ó ń bà á jẹ́

Ooru ni olórí ọ̀tá rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ẹ́ńjìnì ń gbóná tí ó ń tutù. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, rọ́bà tí ó rọ̀ yóò gan, yóò sì sán. Èyí tí a yọ lára ọkọ̀ bàbá ń kán bí èèpo ẹ̀pà.

Ọ̀tá kejì ni ọwọ́ líle. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ohun kan bá ń jò, kí a túbọ̀ dè é ni. Bí a bá de ìdérí yìí jù, gásíkẹ́ẹ̀tì yóò fẹ̀ jáde níbi kan, yóò sì lọ sílẹ̀ níbòmíràn. Ìdérí fúnra rẹ̀ lè tẹ̀ tàbí kí ó sán.

Ọ̀tá kẹta ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Nínú gbogbo ẹ́ńjìnì, afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń sá kọjá lára písítìnì bọ́ sísàlẹ̀. Fáàfù kékeré kan wà, PCV ni orúkọ rẹ̀, tí ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yìí padà síbi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí, kí ó lè jóná. Bí ìdọ̀tí bá dí i, afẹ́fẹ́ yóò há sínú, yóò sì máa ti ọ́ìlì jáde níbi tí ó bá ti rí àyè. Ẹ lè fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i lónìí, kí ó tún jò láìpẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí a bá yọ PCV tí a sì mì í, ó yẹ kí ó máa dún 'ṣẹkẹṣẹkẹ'. Bí kò bá dún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ti ọkọ̀ bàbá kò dún rárá.

Láti ayé Ìjàpá dé ayé Corolla

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, ní Èkó. Ní ọdún kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá ní irú ìdérí yìí méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, nísàlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Wọn kò ní nọ́ọ̀tì. Wáyà líle kan ni ó há wọn mọ́ra. Bí a bá ti wáyà náà sísàlẹ̀, ìdérí yóò já sọ́wọ́. Kọ́ọ̀kì ni gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, irú èèpo igi tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò, tuntun ni wọ́n sì máa ń fi sí i nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣí i láti tún fáàfù tò. Lóde òní, rọ́bà tí ó jókòó sínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ lára ìdérí ni ó wọ́pọ̀. Ohun èlò yí padà, ṣùgbọ́n ìlànà kò yí padà: ojú irin gbọ́dọ̀ mọ́, gásíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa, ọwọ́ kò sì gbọdọ̀ le.

Ohun èlò tí a nílò

1. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tí ó bá ẹ́ńjìnì náà mu. Ẹ mú orúkọ ọkọ̀, ọdún rẹ̀ àti irú ẹ́ńjìnì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń tà á. Ẹ béèrè bóyá òrùka rọ́bà ihò púlọ́ọ̀gì àti rọ́bà abẹ́ nọ́ọ̀tì wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, ọ̀tọ̀ ni wọ́n.
2. Sípánà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà 10 ni ó wọ́pọ̀ jù lára ọkọ̀ Jàpáànì.
3. Aṣọ mímọ́ tí kì í já fọ́nrán, àti páálí kan.
4. Ike pẹlẹbẹ fún họ́họ́ra. Káàdì báńkì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá dára púpọ̀ fún un.
5. Gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì kékeré kan, èyí tí kò ní í yọ́ nínú ọ́ìlì.
6. Ọ́ìlì tí a ó fi kún èyí tí ó ti jò dànù.

Bí a ṣe ń ṣe é

Ìpele kìíní: Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ fa búréèkì ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù pátápátá. Alẹ́ di òwúrọ̀ ni ó dára jù. Ẹ yọ wáyà òdì kúrò lára bátìrì. Sìgá àti iná àbẹ́là kò gbọdọ̀ súnmọ́ tòsí, nítorí epo ni ẹ ń bá ṣeré.

Ìpele kejì: Ẹ fi fóònù ya àwòrán gbogbo wáyà àti họ́ọ̀sì tí ó kọjá lórí ìdérí, kí ẹ sì lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn. Wáyà púlọ́ọ̀gì tí a bá ṣì wọ̀ yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa sọ̀ko. Bí ẹ bá ń yọ ọ́, orí rọ́bà rẹ̀ ni kí ẹ dì mú. Ẹ má fa wáyà.

Ìpele kẹta: Ẹ wo inú ihò púlọ́ọ̀gì. Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀, ẹ fi aṣọ fà á gbẹ kí ẹ tó ronú àtiyọ púlọ́ọ̀gì. Bí ẹ bá kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì, gbogbo ìdọ̀tí yẹn yóò bọ́ sínú ẹ́ńjìnì.

Ìpele kẹrin: Ẹ yọ họ́ọ̀sì PCV. Lẹ́yìn náà, ẹ tú àwọn nọ́ọ̀tì ìdérí díẹ̀díẹ̀, láti etí wá sí àárín, ẹ má tú ọ̀kan tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ya àwòrán ìdérí sórí páálí, kí ẹ lu ihò sí i, kí ẹ sì fi nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan há ibi tí ó ti wá. Ẹ kà wọ́n. Iye tí ó jáde ni iye tí ó gbọ́dọ̀ padà.

Ìpele karùn-ún: Ẹ gbé ìdérí sókè. Bí ó bá lẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tàbí igi rírọ̀ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má ki súkúrúdíráfà bọ àárín rẹ̀ láti fi yọ ọ́. Alumíníọ̀mù rọ̀, ojú tí ẹ bá ha níbẹ̀ ni yóò máa jò títí láé.

Ìpele kẹfà: Kíá, ẹ fi aṣọ mímọ́ bo ibi tí ó ṣí sílẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan tàbí òkúta kékeré kan tí ó bá já síbẹ̀ lè ba ẹ́ńjìnì jẹ́ ju gásíkẹ́ẹ̀tì ọgọ́rùn-ún lọ.

Ìpele keje: Ẹ fa gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ yọ, kí ẹ sì fi ike ha gbogbo gọ́ọ̀mù àti rọ́bà tí ó kù lára irin méjèèjì. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ó gbà wá ju wákàtí kan lọ, nítorí ẹni tí ó ṣe é ṣáájú wa ti fi gọ́ọ̀mù kún kòtò gásíkẹ́ẹ̀tì fọ́fọ́. Ẹ fi aṣọ tí ó ní epo díẹ̀ nu ún, kí ẹ tún fi èyí tí ó gbẹ nu ún títí tí aṣọ kò fi ní dúdú mọ́. Ẹ wo ìdérí náà bóyá ó sán tàbí ó tẹ̀.

Ìpele kẹjọ: Ẹ tẹ gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sínú kòtò rẹ̀ ní gbígbẹ, láti igun dé igun. Rọ́bà kò nílò gọ́ọ̀mù yíká. Ibi tí ìwé ọkọ̀ bá sọ nìkan ni kí ẹ kán an sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, igun tí irin méjì ti pàdé ni, ìkán kékeré kan sì tó. Gọ́ọ̀mù tí ó bá pọ̀ jù yóò já sínú ọ́ìlì, ó sì lè dí ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà.

Ìpele kẹsàn-án: Ẹ gbé ìdérí sọ̀ kalẹ̀ tààrà, láìfà á sọ́tùn-ún sósì. Ẹ fi ọmọ-ìka wá gbogbo etí rẹ̀ yíká. Ẹ fi ọwọ́ wé àwọn nọ́ọ̀tì wọlé kí ẹ tó mú sípánà. Láti àárín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa lọ sí etí, kí ẹ máa gba òdìkejì sí òdìkejì, ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta.

Ìpele kẹwàá: Ẹ dá gbogbo wáyà àti họ́ọ̀sì padà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú àwòrán. Bí ẹ bá lo gọ́ọ̀mù, ẹ dúró fún iye àkókò tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹ wo ọ̀pá gééjì, kí ẹ fi ọ́ìlì kún un dé ojú àmì. Ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì wo etí ìdérí yíká. Èéfín díẹ̀ lè rú láti ara ọ́ìlì àtijọ́ tí ó wà lórí ẹgísọ́ọ̀sì; yóò dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tún un wò.

Báwo ni ọwọ́ ṣe gbọ́dọ̀ le tó?

Àwọn àgbà ní, 'Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.' Òwe yìí ni òfin nọ́ọ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà.

Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì kéékèèké, agbára tí wọ́n ní kí a fi dè é kò ju nǹkan bí 8 sí 10 lọ lórí ìwọ̀n Newton-mítà, ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ tẹ̀lé. Nọ́ọ̀tì táyà ọkọ̀ kékeré ń béèrè nǹkan bí 100. Ẹ rí i pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ni.

Ẹni tí kò ní sípánà tí ń ka ìwọ̀n lè fi omi kọ́ ọwọ́ rẹ̀. Lítà omi kan wọn kìlógíráàmù kan. Bí sípánà yín bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, tí ẹ sì so kẹ́ẹ̀gì omi lítà 4 kọ́ ìdí rẹ̀, agbára tí ó fi ń yí nọ́ọ̀tì súnmọ́ 10 Newton-mítà. Ẹ fi ọwọ́ gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn kí ẹ mọ bí ó ti rí. Bí ẹ bá ti ń fi èjìká ti sípánà, ẹ ti kọjá ààlà.

Bí ọ̀rọ̀ wa ṣe parí

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ṣe é láṣeyọrí lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ni mo gbé ìdérí sọ̀ kalẹ̀, ìkánjú sì wà lára mi nítorí oòrùn Lọ́kọ́ja ti mú. N kò fi ọmọ-ìka wá etí ẹ̀yìn. Nígbà tí a tan ẹ́ńjìnì, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọ́ìlì tún fi yọ níbi kan náà. Igun gásíkẹ́ẹ̀tì kan ti yọ kúrò nínú kòtò. Bàbá onílé kò bú mi. Wọ́n kàn ní, 'Ẹ pa á, kí ó tutù. Ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ló mọ̀ ọ́n.' A dúró di ìrọ̀lẹ́, a tún un tú, a nu gọ́ọ̀mù kúrò. Ọpẹ́ ni pé gásíkẹ́ẹ̀tì náà kò gé. A fi PCV tuntun sí i, ọ̀rẹ́ mi sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá etí ìdérí náà yíká lẹ́ẹ̀mẹta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a tan ẹ́ńjìnì fún ìdajì wákàtí. Etí ìdérí gbẹ táútáú. Bàbá ọ̀rẹ́ mi mú ọkọ̀ yí ìlú ká, wọ́n padà wá, wọ́n tún wò ó, ó gbẹ síbẹ̀. Wọ́n ka owó ilé-ẹ̀kọ́ lé ọmọ wọn lọ́wọ́ lójú wa, wọ́n sì forí lé ọ̀nà Kàbà. Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀rẹ́ mi wà lórí ìlà ní báńkì kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta

Èkínní, kì í ṣe gbogbo ẹ́ńjìnì ni ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì onígun V tí ó ní písítìnì mẹ́fà ní ìdérí méjì, èyí tí ó wà lẹ́yìn sì lè nílò kí a tú ọ̀pọ̀ nǹkan kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì tí mo kà sókè, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́.

Èkejì, ẹ má da ọ́ìlì àti epo tí ẹ fi fọ ẹ́ńjìnì sínú gọ́tà. Bí òjò bá rọ̀ ní Lọ́kọ́ja, inú Odò Ọya ni yóò gbé e lọ, níbi tí àwọn apẹja wa ti ń pẹja. Ẹ gbà á sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ dé e, kí ẹ sì gbé e fún àwọn tí ń kó ọ́ìlì àtijọ́ jọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi ẹ̀kọ́ yìí tàbùkù mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì àgbà ni ó gbà wá. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a mọ orúkọ ohun tí a fẹ́ tún ṣe kí a tó ná owó lé e lórí. Kí a fọ̀ ọ́ ná, kí a wò ó, kí a tó sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé ẹgbẹ́

1. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàrin iṣẹ́ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì àti ti gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà? Sọ àmì méjì tí a fi lè mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.
2. Kí ni ìdí tí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun fi lè tún máa jò bí PCV bá dí?
3. Bí sípánà bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, omi lítà mélòó ni yóò súnmọ́ 10 Newton-mítà?
4. 'Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà', 'gásíkẹ́ẹ̀tì', 'púlọ́ọ̀gì': ṣé kí a fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, tàbí kí a wá orúkọ Yorùbá fún wọn? Ẹ bi àwọn mẹkáníìkì àdúgbò yín léèrè ohun tí wọ́n ń pè wọ́n kí ẹ tó dáhùn.

Ẹni tí ó bá rí ìdáhùn ìbéèrè kẹta kí ó tó dé ìpàdé, kí ó mú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ dání. Ire o.